Ohun Tó Wà Lábẹ́ Igi La Fi Ń Díye Lé Iṣẹ́

Bí oníbàárà bá pè láti Ìgbógbó tàbí Ìjẹ̀dẹ̀, ohun tó máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, èló lẹ máa gbà láti gé igi máńgòrò kan?" Ẹni tó bá dá owó lé e lórí fóònù ti ń kó ara rẹ̀ sí gbèsè. Máńgòrò kan náà, tó ga dọ́gba, tó tóbi dọ́gba, lè jẹ́ iṣẹ́ òwúrọ̀ kan péré bó bá wà lórí ilẹ̀ gbalasa ní Ìmọ̀tà, kó sì gba ọjọ́ méjì gbáko bó bá há sáàárín òrùlé, fẹ́ǹsì aládùúgbò àti wáyà iná nítòsí Sábó. Gíga igi kọ́ ló ń gbé owó lọ sókè. Ibi tí ẹ̀ka máa bọ́ sí, àti ọ̀nà tí a máa gbé e gbà jáde, ni owó wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ dá iṣẹ́ ìtọ́jú igi sílẹ̀ lágbègbè Ìkòròdú yìí, ìmọ̀ tẹ́ ẹ máa fi jẹun nìyẹn.

Ẹ lọ fojú ara yín rí i, kẹ́ ẹ sì lọ lójúmọmọ. Kẹ́ ẹ tó gbójú sókè, ilẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Níbo ni ṣọ́kàwéè wà? Kọnkéré tí wọ́n fi bò ó kì í sábà nípọn. Ìtì kan ṣoṣo tó bá já lé e lórí máa gbá a wọlé. Níbo ni páìpù omi gbà lábẹ́ ilẹ̀? Ṣé táǹkì omi wà lórí òpó nítòsí? Ṣé páànù ilé náà ti dípẹtà débi pé ẹ̀ka kékeré lè lu ú? Àwọn ilé àtijọ́ tí wọ́n fi asibẹ́sítọ́ọ̀sì bò ló léwu jù, nítorí pé bó bá fọ́, kò ṣe é lẹ̀, eruku rẹ̀ sì burú fún ẹ̀dọ̀fóró. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá wo gééètì: ṣé ó fẹ̀ tó kí píkọ́ọ̀pù wọlé, àbí orí la máa fi ru gbogbo ẹ̀ka jáde sí títì? Ìbéèrè yìí nìkan lè sọ owó iṣẹ́ di ìlọ́po méjì.

Nígbà náà la tó kan igi. Ẹ yí ìdí rẹ̀ ká. Olú líle tó lẹ̀ mọ́ ìdí igi ń sọ fún yín pé gbòǹgbò tàbí inú igi ti ń jẹrà. Ẹ fi ẹ̀yìn àáké kàn án: ibi tó le á dún ko, ibi tó ti ṣófo á dún bòm̀bò. Ẹ wo ipa ikán, ẹ wo ibi tí igi ti sán. Bí igi bá fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ti lanu tàbí tó wú, gbòǹgbò ti ń tú nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gùn ún. Lápá Báyékù àti Ìpakodò, níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ nítorí ọ̀sà, tí omi ò jìnnà sókè ilẹ̀, gbòǹgbò kì í wọlẹ̀ jìn, atẹ́gùn tó ń ṣíwájú òjò ní oṣù kẹta àti oṣù kẹrin ló sì máa ń wó irú igi bẹ́ẹ̀. Àsìkò yẹn ni fóònù máa ń dún jù. Ẹ wò ó dáadáa bóyá oyin tàbí agbọ́n ń gbé inú rẹ̀. Bó bá jẹ́ oyin, ẹ wá ẹni tó ń sin oyin, kó wá kó o ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ má da pẹtiróòlù sínú ihò igi.

Láti mọ gíga igi láìgùn ún, ẹ mú ọ̀pá tó gùn tó àlàfo ojú yín sí ọwọ́ yín tẹ́ ẹ bá na apá tán. Ẹ gbé e dúró gangan ní iwájú, kẹ́ ẹ máa fà sẹ́yìn títí orí ọ̀pá yóò fi bá orí igi mu, tí ìdí rẹ̀ yóò sì bá ìdí igi mu. Ibi tẹ́ ẹ dúró sí báyìí jìnnà sí igi tó bí igi náà ṣe ga. Bí ilé bá wà láàárín ìwọ̀n yẹn, ẹ gbàgbé pé ẹ máa wó igi náà lẹ́ẹ̀kan; ní ègé-ègé lẹ máa sọ ọ́ kalẹ̀.

Ta ló ni igi? Ẹ bèèrè kẹ́ ẹ tó dárúkọ owó. Igi etí títì, ti ìjọba ni. Igi inú ọgbà ilé náà, ẹ má tẹ̀ lé ẹni tó ń sọ pé "ilé mi ni, igi mi ni": ní ìpínlẹ̀ Èkó, èèyàn gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda lọ́dọ̀ LASPARK, àjọ tó ń bójú tó igi àti ọgbà ìgbafẹ́, kó tó wó igi lulẹ̀. Ẹ ya fọ́tò igi náà láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kẹ́ ẹ ya ohun tó ń bàjẹ́ sún mọ́ra, kí onílé fi kọ lẹ́tà, kẹ́ ẹ sì fi ọjọ́ tí ìdáhùn máa gbà kún ètò iṣẹ́ yín. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i. Ìrókò, àràbà, ọ̀dán àti akòko tó ti pẹ́ ní ojú kan, ẹ bèèrè lọ́wọ́ baálẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án, nítorí pé ó lè jẹ́ ojúbọ. Pèrègún tó tò sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ sì rèé, ẹ má tu ú, bí oníbàárà tiẹ̀ ní kẹ́ ẹ gbá gbogbo rẹ̀ mọ́. Ààlà ni. Ọjọ́ tí ẹjọ́ ilẹ̀ bá dé, ẹ̀yin ni wọ́n máa pè. Ẹ tún máa bèèrè ọjọ́ Orò: bí obìnrin ò bá lè jáde, oníbàárà yín tó jẹ́ obìnrin ò lè wá bojú tó iṣẹ́ rẹ̀, ìyá tó ń se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ ò sì ní lè wá.

Wáyà iná kò gba ọgbọ́n orí rárá. Bí ẹ̀ka, okùn, àkàbà tàbí èèyàn bá máa sún mọ́ wáyà tó mítà 3, ẹ dúró. Wáyà iná alágbára, 11 kV àti 33 kV, tó gba òpópónà kọjá kò ní rọ́bà lára, iná rẹ̀ sì lè fò láìfara kàn án, pàápàá tí ewé bá tutù. Ikeja Electric ló ń pín iná ní Ìkòròdú; kí onílé kọ̀wé sí ọ́fíìsì wọn, kí wọ́n wá pa á. "NEPA ti mú un lọ" kì í ṣe pípa iná. Wọ́n lè dá a padà nígbà tí èèyàn yín ṣì wà lókè, ẹni tó tan jẹnẹrétọ̀ láìyọ ilé rẹ̀ kúrò lára wáyà náà sì lè ti iná padà sí i.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pè fún wíwó, àdínkù ẹ̀ka ni igi rẹ̀ nílò. Òmíràn á ní, "Ẹ bá mi gé orí rẹ̀ dànù kó má baà ga mọ́." Ohun tí mo ta kò jù nínú iṣẹ́ yìí nìyẹn. Igi tí wọ́n bẹ́ lórí á yọ ọ̀mùnú púpọ̀ láàárín oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n ara èèpo ìta ni àwọn ọ̀mùnú yẹn ti hù, wọn ò ní ìpìlẹ̀ nínú igi. Bí wọ́n bá ti tóbi, atẹ́gùn á fà wọ́n ya, ojú ibi tí wọ́n bẹ́ á sì ti jẹrà wọnú. Oníbàárà tó rò pé òun ti bọ́ á tún sanwó fún ewu tó ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀ka tó ti kú, èyí tó ń fi ara gbo ara, èyí tó na apá sórí òrùlé, àti àfòmọ́, ni kẹ́ ẹ mú kúrò. Ti àfòmọ́, ẹ gé ẹ̀ka náà ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 sísàlẹ̀ ibi tó lẹ̀ mọ́, nítorí pé gbòǹgbò rẹ̀ ti wọnú igi. Lápapọ̀, ẹ má mú ju ìdá kan nínú mẹ́rin ewé igi lọ lọ́dún kan. Máńgòrò, ẹ dúró kí wọ́n ká èso tán. Àgbọn àti ọ̀pẹ, imọ̀ tó ti gbẹ nìkan lẹ máa gé. Ojú ìdàgbà kan ṣoṣo ni wọ́n ní, bí ọwọ́ bá kàn án, igi náà kú nìyẹn.

Gígé ẹ̀ka ńlá ní ojú mẹ́ta. Ojú kìíní, láti abẹ́, ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 30 sí ara igi, kó wọlé tó ìdá kan nínú mẹ́rin. Ojú kejì, láti òkè, ní sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 síwájú ti àkọ́kọ́, síhà ṣóńṣó ẹ̀ka. Ẹ̀ka á já níbẹ̀ láìfa èèpo ya sọ̀kalẹ̀. Ojú kẹta ni ẹ máa fi gé kùkù tó kù, ní ìta ọrùn ẹ̀ka gan-an, ibi tó wú díẹ̀ tí èèpo rẹ̀ hunjọ. Ẹni tó bá gé e wọ inú ara igi ti ba ọrùn tó yẹ kó dí ojú egbò náà jẹ́. Ẹni tó bá fi kùkù gígùn sílẹ̀ ti fún ìjẹrà lọ́nà. Ẹ má fi ọ̀dà tàbí ọ́ìlì kọ́ńdẹ́ḿ, ìyẹn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò, kun ojú ọgbẹ́. Igi máa ń di ojú ọgbẹ́ fúnra rẹ̀.

Ẹ̀ka tó wà lórí òrùlé, okùn la fi ń sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹ ká okùn mọ́ ìdí igi ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹni tó dì í mú máa tú u díẹ̀díẹ̀. Ìdí igi ló ń gbé ẹrù, ọwọ́ kàn ń darí rẹ̀ ni. Kò gbọ́dọ̀ ká okùn mọ́ ọwọ́ tàbí ìbàdí rẹ̀ láé. Ẹ ronú lórí ìwúwo: ìtì máńgòrò tútù tí inú rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40, tó gùn ní mítà 1, wúwo ju kílò 100 lọ. Okùn tó ń léfòó tí àwọn apẹja ń rà ní Ẹ̀bùté dára fún ọkọ̀ ojú omi, ṣùgbọ́n oòrùn máa ń jẹ ẹ́, bó bá sì gbóná nípa fífara gbo igi, yíyọ́ ló máa yọ́. Okùn náílọ́ọ̀nù tó nípọn tó mílímítà 12 sí 16 ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ sì rántí pé kókó tẹ́ ẹ ta lè gba tó ìdajì agbára rẹ̀. Ẹni tó wà lókè nílò okùn méjì lára, kí ọ̀kan má baà já kó di ìṣubú. Igbà dára fún ọ̀pẹ. Lórí igi tó ní ẹ̀ka, ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ni ẹni tó ń gùn ún máa tú u kó tó kọjá, ẹ̀rọ ayùn sì lè já a ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Ẹ̀rọ ayùn fúnra rẹ̀ kò nira bí ẹ bá ń bójú tó o lálaalẹ́. Ẹ ka ìwé ẹ̀rọ yín: bó bá sọ pé 50:1, ìyẹn ìwọ̀n pẹtiróòlù 50 sí ọ́ìlì 1, mílílítà 20 ọ́ìlì two-stroke ló wà fún lítà pẹtiróòlù 1, ìyẹn mílílítà 100 fún kẹ́ẹ̀gì lítà 5, bó bá jẹ́ 25:1, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Ọ́ìlì tó kéré á pa písítìnì. Epo tí wọ́n ti pò tó sì ti ju oṣù kan lọ, ẹ má lò ó. Ọ́ìlì ṣéènì tún yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń da kọ́ńdẹ́ḿ sí i kí owó má baà pọ̀, ṣùgbọ́n eruku irin ló kún inú kọ́ńdẹ́ḿ, ó sì ń jẹ báà, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí ṣéènì ń yí lé lórí, àti pọ́ǹpù. Táǹkì ọ́ìlì yẹ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nígbà tí epo bá tán. Bí epo bá tán tí ọ́ìlì ṣì kún, ojú ọ̀nà rẹ̀ ti dí nìyẹn. Ẹ na imú ẹ̀rọ sí páálí, kẹ́ ẹ tẹ ohun tó ń mú ṣéènì sáré díẹ̀: ó yẹ kí ọ́ìlì fọ́n sójú páálí náà.

Ṣéènì tó mú ń tú èérún igi tó nípọn jáde, èyí tó ti kú ń tú lẹ́búlẹ́bú. Bó bá ti di lẹ́búlẹ́bú, ẹ dúró kẹ́ ẹ pọ́n ọn, ẹ má fi agbára tẹ̀ ẹ́. Bí ojú gígé bá ń wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, eyín apá kan ti kúrú ju ti èkejì lọ. Òkè imú báà ló máa ń ta ẹ̀rọ padà sí ojú ẹni tó dì í mú. Ẹ má fi ibẹ̀ kan igi, ẹ má sì fi ọwọ́ kan ṣoṣo lo ẹ̀rọ.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ẹ̀ka tó ti wà nílẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni èrè ti ń jò jù. Kíkó jáde sábà máa ń gba àkókò ju gígé lọ. Kí ìwé àdéhùn sọ ẹni tó máa kó o àti ẹni tó ni igi gígé náà. Ẹ to ẹ̀ka sínú ọkọ̀ kí ìdí gbogbo wọn kọjú sí ibì kan náà, kẹ́ ẹ sì fi àdá gé ibi tó ya. Ẹrù ọkọ̀ méjì lè di ọ̀kan. Gígùn sẹ̀ǹtímítà 50 ni kẹ́ ẹ gé ìtì ńlá sí, kí èèyàn méjì lè gbé e. Àwọn tó ń yan ẹja lẹ́bàá ọ̀sà, àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì, àti àwọn aláṣè òde ń ra igi ìdáná, ṣùgbọ́n gbígbẹ ni wọ́n fẹ́. Ewé àti èèpo dongoyárò, ẹ pe ẹlẹ́wé ọmọ kẹ́ ẹ tó gé igi. Igi tí wọ́n ti fín lóògùn, tàbí tí wọ́n ti kàn níṣòó, ẹ yà á sọ́tọ̀. Ẹ má sun ewé tútù láàárín àdúgbò.

Kùkùté ni oníbàárà máa ń rántí lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá tán. Ẹ dárúkọ owó rẹ̀ lọ́tọ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Híhú u jáde rọrùn nígbà òjò, tí ilẹ̀ ti rọ̀, ṣùgbọ́n bó bá sún mọ́ ìpìlẹ̀ ilé tàbí fẹ́ǹsì, ẹ má hú u. Ẹ gé e mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ. Mẹláínà àti dongoyárò á tún hù. Bí onílé kò bá fẹ́ kó hù, oògùn tó ń pa koríko títí dé gbòǹgbò ni kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kun ojú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tẹ́ ẹ gé e tán, lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèpo yípo. Àárín ti kú tipẹ́, kíkun ibẹ̀ kò wúlò. Bí ojú rẹ̀ bá ti gbẹ, ẹ tún gé tẹ́ẹ́rẹ́ kan lórí rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kun ún.