Aṣọ ìkíni-káàbọ̀: oríkì ọmọ ẹgbẹ́ tuntun lórí àdìrẹ ẹlẹ́kọ

Sátidé àkọ́kọ́

Ẹni márùn-ún ló wọ ẹgbẹ́ aránṣọ-ṣeré wa n'Íbàdàn lóṣù yìí. Ife oníke tí wọ́n tẹ "Ẹ káàbọ̀" sí lára la máa ń fún ẹni tuntun. Mẹ́ta wà nílé mi, ọ̀kan ni mo fi ń bu gàrí. Lọ́tẹ̀ yìí mo ní kí n ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ fún wọn, aṣọ tí a fi ẹ̀kọ kọ nǹkan sí kí aró má baà wọ ojú ibẹ̀, íǹṣì 18 níbùú-lóròó, kí oríkì oníkálukú wà láàárín tirẹ̀. Kì í ṣe orúkọ o. Orúkọ ti wà nínú ìwé ẹgbẹ́.

Mo pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé ìṣẹ́jú méjì-méjì ni. Obìnrin kan dákẹ́ lórí fóònù, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ní, "Àbẹ̀kẹ́ ni, mà. Láti ìgbà tí màmá mi ti lọ, ẹnì kankan ò bi mí rí." Èmi ni mo wá ń wá ọ̀rọ̀ tí màá sọ.

Ọ̀kan jẹ́ ọmọ Tiv láti Benue, kò ní oríkì bíi tiwa. Mo béèrè aṣọ ilé wọn, ó ní a'nger, onílà dúdú àti funfun. Ilà ni màá fà fún un nìyẹn, búlúù ni yóò sì dípò dúdú. Ọmọkùnrin kan láti Ìṣẹ́yìn ní òun ò mọ oríkì òun, òun á bi ẹ̀gbọ́n bàbá òun obìnrin.

Ọjọ́rú

Mo se ẹ̀kọ: láfún, omi, álọ́ọ̀mù díẹ̀. Àkọ́sè mi ní kókó, mo fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ìyẹ́ adìẹ ni mo fi ń kọ lẹ́tà, àmọ́ ó nípọn jù fún àmì ohùn, mo bá gbẹ́ ṣóńṣó ìgbálẹ̀ kan. Àbẹ̀kẹ́ nìkan gba àmì ohùn mẹ́ta lókè, méjì nísàlẹ̀. Mo mí kanlẹ̀ kí n tó fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sọlẹ̀. Ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo ya òpó gbọ̀ngàn Mápó àti ṣíbí bí wọ́n ti ń yà á nínú àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní "Ìbàdàn dùn".

Ọjọ́bọ̀

Mo sá wọn sórí ẹní lẹ́yìnkùlé, mo wọlé lọ mu omi. Ewúrẹ́ ti dé. Láfún mà ni, oúnjẹ ni lójú tiẹ̀! Nígbà tí mo fi máa jáde, ó ti lá "Àjàní" dórí "Àj". Mo tún ti Àjàní kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, orí okùn ni mo sì sá a sí.

Ọjọ́ Ajé

Mi ò ní ìkòkò aró, mo kó wọn lọ bá ìyá aláró kan. Ìyá ní, "Má fún omi kúrò lára aṣọ o, má sì jẹ́ kó pẹ́ nínú aró, ẹ̀kọ ẹ á rọ̀." Aṣọ á jáde láwọ̀ ewé, gbàrà tí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, á bẹ̀rẹ̀ sí í di búlúù lójú ẹni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la rẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n gbẹ tí mo ha ẹ̀kọ kúrò, ti Àdùkẹ́ ló mọ́ jù. Ẹ̀kọ sán díẹ̀ lára ti Àbẹ̀kẹ́, aró sì wọ ojú sísán náà bí iṣan ewé. Mo fẹ́ràn ẹ̀ bẹ́ẹ̀, mi ò tún un ṣe.

Sátidé

Oríkì ni mo fi pè wọ́n jáde. Bàbá Àjàní ti dáhùn "Hẹ̀n-ẹ́n!" kó tó rántí pé ìpàdé la wà. Ọmọ Tiv náà ta tiẹ̀ sí èjìká, ó ní kí n fa ilà mìíràn fún ìyàwó òun.

Ọ̀kan ló kù. Mo ti ya òpó àti ṣíbí sígun, àárín ṣófo. Ọmọ Ìṣẹ́yìn tẹ̀ mí láàgo lálẹ́ àná: ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ ní òun kì í ki ọmọ òun lórí fóònù, òun ń bọ̀ n'Íbàdàn lọ́jọ́ Àìkú.