Àwọn Ìlú Tí A Tipasẹ̀ Ogun Mọ̀

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Àkúrẹ́, orúkọ ẹja ni Baga jẹ́ létí mi. Àwọn obìnrin tó ń ta ẹja gbígbẹ ní Ọjà Ọba máa ń sọ pé ẹja tó wá láti Baga, létí Adágún Ṣáàdì, kì í tètè bàjẹ́. Mi ò mọ ọ̀nà ibẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn ènìyàn ń bẹ níbẹ̀ tí wọ́n mọ ẹja yan. Ní oṣù kìíní ọdún 2015, àwọn Boko Haram kọlu ìlú náà, wọ́n pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n sì dáná sun ilé. Láti ìgbà náà, bí mo bá dárúkọ Baga láàárín ọ̀rẹ́, kò sí ẹni tó ń rántí ẹja mọ́.

Òwò a máa fi ohun tí àwọn ará ibòmíràn mọ̀ ọ́n ṣe hàn wá; ogun, ní tirẹ̀, a máa fi ohun tí ojú wọn rí hàn, a ó sì rò pé a ti mọ̀ wọ́n.

Bàbá àgbà kan wà ládùúgbò wa tó jagun Bọ́mà, lára àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kó lọ bá àwọn ará Jàpáànù jà ní Arakan. Gbogbo ìtàn rẹ̀ kò ju òjò, ẹrẹ̀, òkè gíga àti ẹrù tí wọ́n fi orí rù la igbó kọjá nígbà tí ọkọ̀ kò lè dé ibẹ̀. A bi í lọ́jọ́ kan pé kí ni àwọn onílẹ̀ ń jẹ; ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní ìrẹsì ni, ó sì padà sórí òjò. (Mi ò dá a lẹ́bi. Ta ni yóò máa yọjú wo ìkòkò ọbẹ̀ níbi tí ìbọn ti ń dún?) Orúkọ ibẹ̀ bá wọn dé ilé: bárékè Arakan wà ní Àpápá, ti Letmauk sì wà ní Ìbàdàn. Síbẹ̀, nígbà tí ìròyìn kàn wá ní ọdún 2017 pé àwọn Rohingya, ẹ̀yà Mùsùlùmí kan ní Myanmar (Bọ́mà àtijọ́), tó lé ní 700,000 ń sá kúrò ní ìpínlẹ̀ Rakhine lọ sí Bangladesh, mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé Rakhine yìí náà ni Arakan tí bàbá wa ti ru ẹrù.

Ojú kan náà ni àwọn ará ibòmíràn fi ń wo ilẹ̀ tiwa. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra gba Benin kọjá, wọ́n sì dé Ọ̀rẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ tó lé wọn padà. Ibẹ̀ ni a ti rí “ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀,” tí àwọn tí kò dé Ọ̀rẹ̀ rí ṣì ń fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ títí dòní.

Láìpẹ́ yìí, mo bẹ Àlàájì kan tó ń kó ẹja wá láti Maiduguri pé kó sọ bí Baga ṣe rí kí ogun tó dé. Ó sọ̀rọ̀ pẹ́, nípa omi tó máa ń fà sẹ́yìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ilẹ̀ ọlọ́ràá tó ń fi sílẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Nígbà tó parí, òun náà bi mí bóyá ẹ̀rù ṣì ń ba àwọn ará Ọ̀rẹ̀ láti rìn lálẹ́ nítorí àwọn sójà tó kú síbẹ̀. Mo ní ọkọ̀ èrò ló ń dúró níbẹ̀ tọ̀sán-tòru, àti pé àwọn arìnrìn-àjò a máa sọ̀kalẹ̀ jẹ iyán.

“Iyán?” ni Àlàájì wí. “Ní Ọ̀rẹ̀?”