Ọdún 2018: Ọdún Àwọn Ọmọ Wa Lórí Yìnyín

Ẹ kú ìparí ọdún o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àyẹ̀wò ọdún tẹ́ ẹ ti ń bèèrè láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá rèé. Bí mo bá ní kí n máa tò ó lóṣooṣù, irọ́ ni màá pa, torí oṣù kejì nìkan ló ṣẹ́ kù sí mi lọ́kàn. Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé wáyé ní Rọ́ṣíà, Ahmed Musa gbá góòlù méjì wọlé Iceland, gbogbo Mọ́kọ́lá hó yèè, lẹ́yìn náà Argentina dá wa padà sílé. Inú mi dùn, inú mi bàjẹ́, ó sì tán síbẹ̀. Ti Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní PyeongChang, ní Gúúsù Kòríà, kò tíì tán nínú mi.

Ní ọjọ́ 20 oṣù kejì, nǹkan bí aago kan ọ̀sán, mo ní kí àwọn ọmọṣẹ́ fi máṣìnnì sílẹ̀. Iná kò sí, a tan jẹnẹrétọ̀, gbogbo wa sún mọ́ fóònù kan ṣoṣo. Ilẹ̀ ti ṣú ní Kòríà. Ṣeun Adígún àti Akuoma Omeoga jáde nínú aṣọ aláwọ̀ ewé tó lẹ̀ mọ́ wọn lára, wọ́n dúró ti bobsled wọn, ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì tó ń yọ̀ lórí yìnyín. Bàtà tí wọ́n ń wọ̀ ní abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ lábẹ́, kó lè di yìnyín mú. Wọ́n jọ sáré tì í, Ṣeun fò wọlé síwájú torí òun ló ń tukọ̀, Akuoma fò tẹ̀ lé e.

Ibi tó wọ̀ mí lára jù rèé: ẹni ẹ̀yìn kì í rí ọ̀nà. Bó bá ti jókòó báyìí, ó ti forí balẹ̀ sáàárín orúnkún nìyẹn. Ọkọ̀ náà á máa sáré ju 100 kìlómítà ní wákàtí kan, kọ́nà á máa gbá a sọ́tùn-ún sósì, kò ní gbójú sókè títí wọ́n á fi kọjá ìlà òpin, kó tó wá fa búréèkì. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ bi mí pé, "Àǹtí, báwo ló ṣe wá ń mọ ibi tí wọ́n dé?" Mo ní ara ló fi ń mọ̀ ọ́n, àti pé ó fọkàn tán ẹni tó wà níwájú. Látọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lẹ́nu mi.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí wọ́n sáré ẹlẹ́ẹ̀kẹrin tán, ipò 20 ni wọ́n ṣe nínú ọkọ̀ 20. Jàmáíkà ló wà lókè wọn. Jámánì ló gba góòlù, Mariama Jamanka tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Gáḿbíà ló wà á, òun àti Lisa Buckwitz; 0.07 ìṣẹ́jú àáyá péré ni wọ́n fi ju Amẹ́ríkà lọ.

Àwọn kan bi mí lọ́jọ́ náà pé ṣé ipò ìkẹyìn la fẹ́ máa jó sí. Mo dáhùn nígbà náà, màá tún dáhùn lónìí: bẹ́ẹ̀ ni, màá jó. Ṣáájú wọn, kò sí orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan tó gbé bobsled dé Òlíńpíìkì rí, ì báà jẹ́ ọkùnrin, ì báà jẹ́ obìnrin. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ò yọjú sí Òlíńpíìkì ìgbà òtútù rí ṣáájú ìgbà náà. Kí wọ́n tó gbà wọ́n, wọ́n gbọ́dọ̀ parí ìdíje márùn-ún ní pápá mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, Calgary ni wọ́n ti parí èyí tó kẹ́yìn ní oṣù kọkànlá 2017. Owó náà, orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti tọrọ rẹ̀, 75,000 dọ́là. Ẹ wo Ngozi Onwumere tó gbé àsíá wa wọlé nínú òtútù ọjọ́ ìṣíde. Ẹ wo Sìmídélé Adéagbo, ẹni ọdún 36, tó ti fi eré ìdárayá sílẹ̀ fún bí ọdún mẹ́wàá. Ìròyìn Ṣeun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló gbọ́ tó fi dìde. Oṣù kẹsàn-án 2017 ló kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ lórí skeleton, ohun tí wọ́n ń dojú bolẹ̀ lé tí orí á ṣíwájú. Nígbà tó fi di oṣù kejì, ó ti wà ní Òlíńpíìkì, obìnrin Áfíríkà àkọ́kọ́ nínú eré náà. Òun náà ṣe ìkẹyìn. Ẹni tó bá fẹ́ fi í ṣẹ̀sín, kó kọ́kọ́ wá ibi tí yìnyín wà ní Nàìjíríà ná.

Ṣùgbọ́n Maeflower gan-an ló mú mi. Kí Ṣeun tó ní bobsled gidi, pákó ló kàn pọ̀ ní Houston, níbi tóòrùn ti ń mú bíi tiwa, wọ́n wá ń tì í kiri lórí ilẹ̀ gbígbẹ láti fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbéra. Mae-Mae ni wọ́n ń pe arábìnrin rẹ̀ tó kú nínú ìjàmbá ọkọ̀ ní 2009. Orúkọ ẹ̀ ló fi sọ pákó náà. Ó kan igi, ó fi orúkọ ẹni rẹ̀ pè é, ó sì ń tì í lójoojúmọ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà pẹ̀lú wa níparí ọdún tó kọjá mọ ìdí tí mo fi gbé fóònù sílẹ̀ nígbà tí mo kà á. Àbúrò mi ì bá ti kà á ṣáájú mi. Òun ni ì bá fi ránṣẹ́ sí mi, á sì ní...

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ìyá Ìbejì fún yín. Aṣọ ẹbí ló tìtorí ẹ̀ wá bá mi jà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí, àfi bó ṣe rí ọkọ̀ náà tó gbéra. Ló bá figbe ta: "Ṣeun, rọra o! Ọmọ mi, má sáré o!" Eré ìje o! Ẹ̀rín pa wá débi tí omi ń bọ́ lójú wa. Ó jókòó tì wá, ó ń gbàdúrà sí kọ́nà kọ̀ọ̀kan, kò sì dárúkọ aṣọ mọ́ títí ó fi lọ.

Ẹ ṣeun, gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ pè, tẹ́ ẹ gbé oúnjẹ wá, àtẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn wá jókòó tì mí tẹ́ ò sọ̀rọ̀. Láti oṣù kẹwàá ni pátákó iwájú ìsọ̀ ti yí padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gba Mọ́kọ́lá kọjá ti rí orúkọ tó wà níbẹ̀, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Iṣẹ́ fìlà tí àbúrò mi máa ń sọ la fi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ọjà ò tíì yá púpọ̀, àmọ́ àwọn ọkọ ìyàwó ti ń wá.

Òlíńpíìkì òtútù tó tẹ̀ lé ti 2018 yìí, Beijing ni, ní 2022. Mo fẹ́ kí àsíá wa tún wà níbẹ̀. Bí wọ́n bá tún gbé igbá owó kalẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èmi ti ní tèmi nílẹ̀, màá sì yọ yín lẹ́nu títí ẹ̀yin náà á fi dá tiyín.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ láṣọ ọdún lọ́dọ̀ wa, ó ti délẹ̀. Ẹ wá gbé e kí ọjọ́ 31 tó pé o, a ò ní ṣí ìsọ̀ lọ́jọ́ ọdún.