Èrìgì Mi Ti Lọ

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni èrìgì apá òsì mi ò fi jẹ́ kí n sùn. Mo fi omi iyọ̀ yọ ẹnu, mo fi kànáfùrù há a, ó rọlẹ̀ díẹ̀, ó tún gbéra. Láàárọ̀ yìí ni ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fà mí lọ́wọ́ kúrò ní Kubwa, ó di ilé ìwòsàn eyín aládàáni kan ní Wuse, l'Ábújá níbí.

Ká má parọ́, ẹ̀rù ni ò jẹ́ kí n ti lọ láti ọdún tó kọjá. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí wọ́n fa eyín mi ní Ìlọrin, tí abẹ́rẹ́ ò tíì ràn. Títí dòní, tí mo bá ti gbọ́ ìró ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ eyín, àtẹ́lẹwọ́ mi á máa làágùn.

Dókítà náà, ọ̀dọ́mọbìnrin ni. Bó ṣe rí orúkọ mi, Yorùbá ló bá mi sọ: “Ẹ̀gbọ́n, tó bá ti ń dùn yín, ẹ gbé ọwọ́ òsì sókè, màá dúró.” Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbé e sókè. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló dúró. Omijé bọ́ lójú mi, kì í sì í ṣe ti ìrora.

Ihò ti dé ibi iṣan. Kí wọ́n fọ gbòǹgbò eyín kí wọ́n sì dé e, ₦220,000. Kí wọ́n yọ ọ́, ₦35,000. Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2024, ₦70,000 ni! Dókítà ní òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù nínú ohun èlò wọn ti ń wá, àti pé láti ìgbà tí náírà ti já ní 2023 ni gbogbo rẹ̀ ti gbówó lórí.

Eyín tó ṣeé gbà là ni. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí omi tútù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ta léyín, ẹ lọ báyìí, nígbà tí dídí ihò lásán ṣì lè tó.

Dókítà fi bébà funfun wé eyín náà fún mi. Ó wà nínú báàgì mi.