Bedford Tó Kó Kòkó Rí: Irin Ti Ń Parí, Ó Ku Igi

Oṣù Kẹta

Ẹ́ńjìnnì ti dún. Mo tètè kọ ọ́ nítorí òun ni gbogbo ẹni tó bá yà wò wá máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ẹ́ńjìnnì onídísẹ́ẹ̀lì ni, sílíńdà 6, èyí tí àwọn mẹkáníìkì àtijọ́ mọ̀ sí 300, ìyẹn ìwọ̀n inú rẹ̀ ní íǹṣì kúbíìkì, nǹkan bíi lítà 4.9. Nígbà tí mo ra lọ́rì yìí nínú igbó kan lẹ́yìn Oǹdó, wọ́n ní ó ti nọ́ọ̀kì, kí n kúkú tà á fún àwọn tó ń fi ìwọ̀n ra irin. Kò nọ́ọ̀kì o, ó gan ni. A tú nọ́súlù rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, àwọn tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì, a rọ dísẹ́ẹ̀lì pọ̀ mọ́ ọ́ìlì gíà sínú ihò kọ̀ọ̀kan, a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 9. Lọ́jọ́ kẹwàá, a fi irin gígùn wọ́ púlì iwájú, ó sì yí ìwọ̀n ìka mẹ́ta. Mo pariwo débi pé àwọn ará ilé sáré jáde.

Bóòtù ló jẹ wá lákòókò jù. Íǹṣì ni wọ́n fi ṣe bóòtù ara rẹ̀, mìlímítà sì ni súpánà tó wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Súpánà 13 á wọ bóòtù tí orí rẹ̀ jẹ́ ìdajì íǹṣì, á dà bí ẹni pé ó bá a mu, àfi ìgbà tí o bá fi agbára tì í, á yọ̀, á sì jẹ orí bóòtù náà. Mẹ́rin ló bàjẹ́ bẹ́ẹ̀ kí n tó gba Gate, ní Ìbàdàn, lọ láti ra súpánà íǹṣì àlòkù. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí, súpánà ni kó kọ́kọ́ wá, kó tó wá lọ́rì.

Oṣù Kẹrin

Ó kan igi wàyí, ibẹ̀ sì ni ọkàn mi wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1958 ni ilé iṣẹ́ Vauxhall gbé Bedford J, irú tèmi yìí, jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dunstable ni wọ́n ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n àwọn tó di bọ́lẹ̀kájà nílẹ̀ wa kì í sábà bá ilé ẹ̀yìn dé. Ṣáàsì, ẹ́ńjìnnì, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti mọ́dígáàdì ni yóò gúnlẹ̀. Láti ibi tí sítíárìn wà títí dé ìdí ọkọ̀, káfíńtà ló ni ín. Ìjókòó dẹ́rẹ́bà, àga èrò, òpó, òrùlé, ibi tí wọ́n ń so tapólì mọ́ bí òjò bá dé, igi ni gbogbo rẹ̀. Àwọn kan tí a jọ ń tún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe máa ń ní kí n dá a padà sí bó ṣe rí nígbà tó kúrò nílé iṣẹ́. Mo máa ń bi wọ́n pé, ilé iṣẹ́ wo? Abẹ́ igi, níwájú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà kan, ni wọ́n ti ṣe ìdajì ọkọ̀ yìí. Mo ti rí Bedford mẹ́ta tí wọ́n tún ṣe tí ọ̀dà ara wọn ń dán gbinrin, ṣùgbọ́n páànù ni wọ́n fi ṣe ẹ̀yìn wọn. Wọ́n dára lójú. Bọ́lẹ̀kájà ti kúrò lára wọn.

Igi tó kù lára tèmi kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Ikán ti jẹ ìyókù. Òpó mẹ́rin nínú mẹ́jọ ṣì dúró. Ìrókò ni wọ́n, ikán ò rí wọn gbé ṣe. Pátákó kan ṣoṣo ló kù lápá òsì, ọ̀gànwó ni, ó sì wúwo tó fi jẹ́ pé èèyàn méjì ló gbé e.

Bàbá káfíńtà tó ń bá mi ṣe é ti lé lọ́dún 80. Ìgbà tí wọ́n wà lọ́mọ iṣẹ́ ni wọ́n ti kan irú rẹ̀ gbẹ̀yìn. Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ wá, wọn ò mú téèpù dání. Wọ́n kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáàsì, wọ́n ń fi ìka wá ihò bóòtù lábẹ́ ìpáàrà, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn, wọn ò sọ̀rọ̀ fún nǹkan bí ìdajì wákàtí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, "Ọmọ mi, ihò ni kó o máa wò. Igi á jẹrà, ihò ò ní jẹrà." Inú àwọn ihò wọ̀nyẹn la ti rí gbogbo òdiwọ̀n: ẹsẹ̀ bàtà 16 ni gígùn ẹ̀yìn ọkọ̀, ẹsẹ̀ bàtà 2 ló sì wà láàárín igi ìdábùú kan sí ìkejì. Mo ti ń wá àwòrán káàkiri fún oṣù mẹ́fà, ìdáhùn sì wà lára irin tí mò ń bù ọ́ìlì sí lójoojúmọ́.

Nígbà tí a ká pátákó ilẹ̀ tó jẹrà kúrò, kóóró kòkó mẹ́ta jábọ́ láti inú ojú ìpàdé igi, pẹ̀lú fọ́nrán àpò. Mo tọ́jú wọn sínú ìgò. Pọ́n-ùn 140 ni àpò kòkó kan nígbà yẹn, 16 sì ni tọ́ọ̀nù kan. Lọ́rì tọ́ọ̀nù 5 ni tèmi, nítorí náà àpò 80 ló yẹ kó gbé. Mo ṣírò rẹ̀ fún Bàbá, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ta ló ń ka ọgọ́rin nígbà tí kòkó bá ti délẹ̀? Wọ́n nawọ́ sí sípíríǹgì ẹ̀yìn. Ewé irin méjì wà lápá kọ̀ọ̀kan tí kò jọ àwọn yòókù; ẹnì kan ló fi kún un kó lè gbé ju bó ṣe yẹ lọ. Mi ò ní yọ wọ́n.

Oṣù Karùn-ún

Oṣù yìí ò dára. Ẹni tó ta ìrókò fún wa fi dá wa lójú pé ó ti gbẹ. Kò gbẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pátákó méjì ti lọ́ bí ewé gbígbẹ, a ò sì lè fi wọ́n ṣe ohun gígùn mọ́. Ní báyìí, a to ìyókù sábẹ́ páànù, a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín wọn kí atẹ́gùn lè máa gba ibẹ̀ kọjá.

Táyà ti wọlé. Ríìmù rẹ̀ jẹ́ èyí tó ní òrùka irin tó ń di táyà mú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi èyí ṣeré: bí òrùka náà kò bá jókòó dáadáa nígbà tí a bá ń fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó lè fò jáde kó sì pa èèyàn. Fọkanáísà wa fi ṣéènì yí ríìmù po ṣinṣin kó tó tan ẹ̀rọ, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró níwájú rẹ̀.

Oṣù Kẹfà

Pátákó iwájú, èyí tó wà lókè orí dẹ́rẹ́bà, ni mo fi gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí fọ̀. Sáńpépà olómi ni mo lò, mo rọra ń ha á. Ọ̀dà búlúù ló wà lókè. Nígbà tó ṣí, lẹ́tà yẹ́lò yọ, tó ní òjìji pupa: SÙÚRÙ LÈRÈ. Mo jókòó tì í fún ìgbà díẹ̀. Ìgbà tí oòrùn wá gba ẹ̀gbẹ́ kan lu pátákó ni mo tó rí i pé níbi tí yẹ́lò ti ṣí, lẹ́tà àwọ̀ ewé mìíràn wà nísàlẹ̀. ÌYÁ nìkan ni mo rí kà nínú rẹ̀. Ìyá ta ni? Ẹni tó ra ọkọ̀ fún ọmọ rẹ̀ ni, tàbí ẹni tó ń kó ọjà nínú rẹ̀?

Ẹni tó ń kọ lẹ́tà fún mi fẹ́ kí n ha á dé ara igi, kó tún un kọ kó mọ́lẹ̀ yòò. Ọwọ́ rẹ̀ dára púpọ̀, inú rẹ̀ kò sì dùn nígbà tí mo kọ̀. Fáníìṣì tí kò láwọ̀ ni mo máa fi bo pátákó náà bó ṣe wà, pẹ̀lú ìran ọ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Pátákó ẹ̀yìn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn ni mo fún un, kó kọ ohun tó bá wù ú sí i.

Bàbá ti gbé òpó mẹ́jọ nàró: ìrókò àtijọ́ mẹ́rin, tuntun mẹ́rin. Ní Sátidé, wọ́n ṣa èkù igi kan nílẹ̀, wọ́n gé e ní ìdagẹ̀rẹ̀, wọ́n lu ihò sí i, wọ́n sì fi okùn bọ̀ ọ́. Wẹ́ẹ̀jì ni. Ọmọ ọkọ̀ ló máa ń bẹ́ sílẹ̀ gbé e sẹ́yìn táyà bí lọ́rì bá dúró lórí òkè. Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n so ó mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀.

Lọ́jọ́ náà gan-an la ti lọ́rì jáde sínú oòrùn, èèyàn méje. Rọ́bà bíréèkì tí mo ní kí wọ́n bá mi rà ní London kò tíì dé, kò sí ohun tó lè dá a dúró. Mo sáré gbé wẹ́ẹ̀jì sẹ́yìn táyà ọ̀tún. Òun ló ṣì dì í mú níta báyìí bí mo ṣe ń kọ èyí.