Ogún Fóònù Tiwọn, Ẹyọ Kan Tèmi: Àyẹ̀wò Ọdún 2025

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo wo 28 Years Later lọ́dún yìí: ẹ̀ẹ̀kan ní sinimá, ẹ̀ẹ̀mẹta nínú pálọ̀, pẹ̀lú bírò lọ́wọ́. Ìyàwó mi ní kò yé òun ohun tí baba ọlọ́mọ ń wá nínú fíìmù tí àwọn oníhòòhò ti ń lé èèyàn kiri inú igbó. Mo ní wọn kì í ṣe òkú, wọn kì í sì í ṣe àkúdàáyà tí yóò jókòó jẹ́jẹ́ máa ta ọjà ní ìlú míì. Alààyè tí àìsàn ìbínú mú ni wọ́n. Mo ní iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Ó wò mí, ó bá tirẹ̀ lọ.

Iṣẹ́ kúkú ni. Ní oṣù kìíní, mo lẹ bébà kan mọ́ ara fìríìjì, mo kọ nǹkan mẹ́ta sí i: kí n san gbèsè mọ́tò tán, kí n dín iṣẹ́ alẹ́ kù, kí n ya apá kejì fíìmù mi. Gbèsè tán ní oṣù kẹfà, a dúpẹ́. Iṣẹ́ alẹ́ ò dín. Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀.

Ọdún 2023 la ya apá kìíní, ní Gateshead níbí, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan ṣoṣo. Fóònù mi ni mo fi yà á. Ìṣẹ́jú 9 péré: ọmọkùnrin kan jí, kò bá ẹnikẹ́ni nílùú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ṣe é, ọmọ ọdún 10 nígbà náà. Ó parí síbi tó ti ń kan ilẹ̀kùn kan, tí ohùn kan dáhùn láti inú. Ẹ̀yin tí wọ́n ti rán rí pé kẹ́ ẹ sáré lọ ra apá kejì lọ́dọ̀ oníkásẹ́ẹ̀tì, nítorí apá kìíní já síbi tí wọ́n ti fẹ́ yìnbọn, ẹ mọ irú ìyà tí mo fi jẹ àwọn tó wò ó.

Mo fẹ́ kí apá kejì bẹ̀rẹ̀ níbi tí ìkíní parí sí gan-an. Ilẹ̀kùn yóò ṣí, ọmọ yóò wọlé. Àmọ́ ọmọ ti pé 12, ó ti ga dé etí mi, ohùn rẹ̀ ti ń ki. Mo ra irú kóòtù pupa tó wọ̀ nígbà yẹn, apá rẹ̀ ò kọjá ìgúnpá. Mo ní kó máa tẹ orúnkún díẹ̀ tó bá ń rìn.

"Ọ́ńkù, ẹ má bínú o, mo dà bí ẹni tí ìgbẹ́ ń gbọ̀n."

Ìgbà náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí bí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ṣe ń ṣe é. Fíìmù tó ṣáájú gbogbo wọn, 28 Days Later, jáde lọ́dún 2002. Danny Boyle ló darí rẹ̀, Alex Garland ló kọ ọ́. Canon XL1, kámẹ́rà kékeré oníkásẹ́ẹ̀tì, ni Anthony Dod Mantle fi ya èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wò ó lónìí, àwòrán rẹ̀ rí hárahàra. Ṣùgbọ́n òun ló jẹ́ kí wọ́n rí Westminster Bridge, afárá kan láàárín Lọ́ńdọ̀nù, yà ní òfìfo. Ní ìdájí, ìwọ̀nba ìṣẹ́jú ni wọ́n fi lè dá ọkọ̀ dúró. Wọ́n á to kámẹ́rà bíi mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà, Cillian Murphy á rìn kọjá nínú aṣọ ilé ìwòsàn, wọ́n á kẹ́rù wọn. Kámẹ́rà ńlá ò ní tíì jáde nínú àpótí tí àwọn ọlọ́kọ̀ á ti máa fun fèrè.

Èyí tó tẹ̀ lé e, 28 Weeks Later ti ọdún 2007, Juan Carlos Fresnadillo ará Sípéènì ló darí rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ dáa púpọ̀, níbi tí Robert Carlyle ti fi ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ tó sì sá la pápá kọjá. Ìyókù, mi ò rí nǹkan kọ sínú ìwé mi.

Boyle, Garland àti Dod Mantle wá padà. Láti oṣù karùn-ún sí oṣù keje 2024 ni wọ́n ya 28 Years Later, púpọ̀ nínú rẹ̀ ní Northumberland, ìtòsí wa níbí. iPhone 15 Pro Max wà lára ohun tí wọ́n lò, gbogbo ojúlùmọ̀ mi ló sì fi ìròyìn náà ránṣẹ́ sí mi: "Ṣé o rí i? Fóònù ni o!" Ẹ jọ̀ọ́. Fóònù tí wọ́n de mọ́ irin, tí wọ́n fi awò kámẹ́rà gidi sí lójú. Wọ́n tún to 8, 10, títí dé 20 pọ̀ sórí irin tó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, kó lè jẹ́ pé bí ọfà bá ba èèyàn, gbogbo ẹ̀gbẹ́ lẹ máa ti rí i lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí kì í ṣe fóònù tálákà.

Ìhòòhò yẹn náà, rọ́bà ni. Alfie Williams tó ṣe ọmọ inú rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọdé, òfin ò sì gbà kí àgbàlagbà wà níhòòhò níbi tí ọmọdé ti ń ṣiṣẹ́, ni wọ́n bá fi rọ́bà ṣe nǹkan ọkùnrin fún wọn. Mo ṣàlàyé èyí fún ìyàwó mi. Kò ràn mí lọ́wọ́. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé ẹgbẹ́ olórin Young Fathers ló ṣe orin rẹ̀, àti pé Kayus Bankole wà nínú wọn. "Bánkọ́lé tiwa?" Ó jókòó. Ó wo ìdajì.

Igi kan ló mú mi jù. Wọ́n gé igi Sycamore Gap, lẹ́bàá Hadrian's Wall, odi àtijọ́ ayé àwọn ará Róòmù, lóru ọjọ́ kan ní oṣù kẹsàn-án 2023. Ọkùnrin méjì lọ sẹ́wọ̀n lórí rẹ̀ lọ́dún yìí. Nígbà tí Boyle máa dé, kùkùté ló kù. Ṣùgbọ́n nínú ìtàn tirẹ̀, àìsàn ti dá ilẹ̀ yìí dúró láti ọjọ́ yìí wá. Ta ni yóò wá gé igi? Wọ́n fi kọ̀ǹpútà dá a padà, ó dúró níbẹ̀ tewétewé. Nígbà tí mo lọ síbẹ̀ ní oṣù kẹjọ, ọ̀mùnú ń yọ nídìí kùkùté. Mo pẹ́ níbẹ̀. Igi tí ẹnì kan ò gé nínú ìtàn wọn nìkan ni wọ́n dá padà. Àwọn èèyàn inú rẹ̀ ní tiwọn, wọ́n jẹ́ kí ọdún 28 kọjá lórí wọn.

Kò tíì yé mi tán. Ní oṣù kẹsàn-án, mo gbé ọmọ náà àti kóòtù pupa tuntun lọ sí Lindisfarne, erékùṣù tí wọ́n sá sí nínú fíìmù náà. Títì kan ló lọ síbẹ̀, òkun á sì bò ó lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Wọ́n máa ń kọ àkókò tó ṣeé kọjá síta. Mo kà á dáadáa. Ti ọjọ́ Sátidé ni mo kà. Ọjọ́ Àìkú la lọ.

Omi yẹn ò pariwo. Ó kàn ń yọ́ bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó fẹ́lẹ́ bí omi tí ìkòkò dà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ilé ìdáná. Mò ń ya ọmọ náà bó ṣe ń bọ̀, mò ń ní kó má wo kámẹ́rà.

"Ọ́ńkù, ẹsẹ̀ mi ti tutù."

A sáré padà síbi tí mo gbé mọ́tò sí. Fóònù já lórí igi tí mo gbé e lé. Ogún fóònù ni tiwọn. Ẹyọ kan ni tèmi, inú omi iyọ̀ ló wà. Mi ò dà ohunkóhun tí mo ti yà láti oṣù karùn-ún sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ má bi mí.

Wọ́n ya èyí tó tẹ̀ lé e, The Bone Temple, tẹ̀ léra lójú ẹsẹ̀, Nia DaCosta ló darí rẹ̀. Oṣù kìíní 2026 ni wọ́n fi ìjáde rẹ̀ sí. Mo fura pé ọmọ tó ń ga lójoojúmọ́ wà lára ohun tí wọ́n rò.

Èmi náà tún ìtàn mi kọ. Ọdún méjì ti kọjá. Ẹlòmíì ló wá ń kanlẹ̀kùn. Ọmọ náà ló wà nínú ilé báyìí, pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tuntun, nínú aṣọ tó bá a mu. Ọjọ́ kẹta sí Kérésìmesì la ya àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, nínú gáréèjì wa. Kó tó gbà kí n sọ pé ká bẹ̀rẹ̀, ó wá okùn bàtà, ó fi so fóònù mọ́ mi lọ́rùn.