Abẹ Oníbejì Bàbá Àgbà

Ẹni tó ń bọ̀ láti ilé ni bàbá mi fi abẹ bàbá àgbà rán sí mi ní Düsseldorf, ní Jámánì. Inú báàgì tó lọ sí ikùn ọkọ̀ òfurufú ló wà, torí kò sẹ́ni tó máa jẹ́ kéèyàn gbé abẹ jókòó nínú ọkọ̀. Wọ́n fi àkísà wé e bí ẹni wé ọmọ tuntun. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n sọ nípa rẹ̀ lórí fóònù: "Abẹ oníbejì nìyẹn o, má sọ ọ́ nù." Mo béèrè pé ìbejì wo. Wọ́n ní bí bàbá àgbà ṣe máa ń pè é nìyẹn, àwọn náà ò mọ ìdí ẹ̀. Kò sì sí ìbejì kankan nínú ìdílé wa.

Irú abẹ tí ojú rẹ̀ máa ń pa dé sínú èèkù ni. Ó ti dípẹtà. Ìkánjú mi ló kọ́kọ́ ṣe mí ní jàǹbá. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí mo tibi iṣẹ́ dé, mo jókòó ti tábìlì, mo mú sáńpépà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha á kó lè dán. Ìgbà tí irin náà ń funfun bọ̀ ni mo rí i pé lẹ́tà wà lábẹ́ ìpẹtà, mo sì ti ha púpọ̀ nínú wọn dànù. "GERM" nìkan ló ṣẹ́ kù. Ó ṣì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá jogún irú abẹ bẹ́ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á kẹ́ ẹ tó fọwọ́ líle kàn án. Epo díẹ̀ àti aṣọ múlọ́múlọ́ ti tó.

Ọrùn abẹ lèèyàn máa kọ́kọ́ wò, níbi tí irin ti nípọn láàárín ojú rẹ̀ àti ìṣó tó so ó mọ́ èèkù. Ibẹ̀ làwọn tó rọ ọ́ máa ń lu àmì wọn sí. Tó bá jẹ́ ti Sheffield ní England, tó sì ti pẹ́ gan-an, ẹ lè rí adé pẹ̀lú "GR" tàbí "VR", ìyẹn lẹ́tà orúkọ ọba tó wà lórí oyè nígbà náà. Orúkọ orílẹ̀-èdè náà ń jẹ́rìí. Òfin owó-orí ọjà tí Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1890 ló sọ ọ́ di dandan pé kí orúkọ ilẹ̀ tí ọjà ti wá wà lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí abẹ tó ní "GERMANY" lára fi sábà máa ń jẹ́ ti ẹ̀yìn ìgbà yẹn. Ẹ má ṣáà fi ìyẹn nìkan búra, torí èyí tí wọn ò ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà lè má ní in.

Ẹ̀gbẹ́ kejì tí sáńpépà ò tíì dé ni mo wá gbájú mọ́. Mo fi epo pa á, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, mo nù ún, mo wá tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́ kí òjìji lè bọ́ sínú lẹ́tà. "WILLINGSW" ni mo rí. Ara mi bù máṣọ. Èèyàn tó bá ti gbé Jámánì fún ọdún mẹ́fà ò nílò ògbufọ̀ níbẹ̀: Zwilling ni ìbejì lédè wọn. Mo sún mọ́ ọn dáadáa, mo sì rí wọn, èèyàn kéékèèké méjì tó dúró ti ara wọn. Ẹsẹ̀ wọn hàn kedere, àmọ́ orí wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́.

Àmì Henckels, ilé iṣẹ́ tó ń rọ ọ̀bẹ nílùú Solingen, ni. Peter Henckels ló forúkọ àmì ìbejì náà sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ 13 oṣù kẹfà ọdún 1731. Wọ́n ti tún àwòrán rẹ̀ yà lọ́pọ̀ ìgbà látìgbà náà, torí náà, bí àwọn ìbejì yẹn ṣe dúró lára abẹ tiyín lè júwe ọjọ́ orí rẹ̀. Láti 1938 ni òfin sì ti ń dáàbò bo orúkọ Solingen fúnra rẹ̀, kí ẹni tí kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀ má baà lù ú sára ọ̀bẹ.

Èèkù rẹ̀ dúdú, mo rò pé ìwo ni. Mo fọwọ́ ra á títí ó fi móoru, ó ń rùn bíi káńfọ̀. Sẹ́lúlọ́ìdì ni, irú ike àtijọ́ kan. Tó bá ti gbó, èéfín tó ń jáde lára rẹ̀ máa ń jẹ irin, ìdí nìyẹn tí ìpẹtà fi pọ̀ jù níbi tí ojú abẹ ń sùn sí. Mi ò pa á dé mọ́. Ẹ má sì fi abẹ́rẹ́ gbígbóná dán irú èèkù bẹ́ẹ̀ wò, ó máa ń yára gbiná.

Solingen ò jìnnà sí mi rárá. Ní Sátidé kan, mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Klingenmuseum, ilé tí wọ́n kó ọ̀bẹ, idà àti abẹ jọ sí ní àdúgbò Gräfrath níbẹ̀. Àwòrán ni mo gbé dání, mo fi abẹ sílé. Àwọn abẹ ibẹ̀ ń dán gbinrin nínú gíláàsì, àmì wọn pé. Mo padà délé, mo mú ti bàbá àgbà dání bí ẹni fẹ́ fárùngbọ̀n, àtàǹpàkò mi sì bọ́ sórí àwọn ìbejì, gẹ́lẹ́ ibi tí orí wọn ti parẹ́.

Mo pe bàbá mi, mo fi àwòrán náà hàn wọ́n. Wọn ò sọ̀rọ̀ fúngbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Tí wọ́n bá fá irùngbọ̀n tán láàárọ̀, wọ́n á ní, 'Ìbejì, ẹ kúuṣẹ́ o.' A rò pé èèyàn kan níta ni wọ́n ń kí."